Ààrò Mẹ́ta: Bí A Ṣe Ń Dúró Ti Ẹni Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí àti Oògùn ní Houston

Lọ́jọ́ tí ẹni yín bá ti ilé ìtọ́jú dé, inú gbogbo ilé á dùn. Ẹ ó ti se ìrẹsì, ẹ ó ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ẹnì kan á ti ní kí pásítọ̀ yà wá gbàdúrà. Ọ̀sẹ̀ kejì á dé, oníkálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyàwó tó jẹ́ nọ́ọ̀sì á padà sí iṣẹ́ alẹ́, á máa sùn lọ́sàn-án. Àwọn ọmọ á lọ síléèwé. Láago méjì ọ̀sán, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á dá jókòó sí pálọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan láá máa hó. Ní Texas, ṣọ́ọ̀bù ọtí líle kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ṣùgbọ́n bíà wà nílé epo tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò, ilé epo ò sì mọ Sọ́ńdè. Tìtorí aago méjì ọ̀sán yẹn la ṣe kọ orí yìí.

Nígbà tí ọtí tàbí oògùn bá wọ ilé wa ní ìlú yìí, ọ̀nà méjì la sábà máa ń gbà. A lè bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi rùn: "Ó rìnrìn àjò ni", "Ara ẹ̀ ò yá díẹ̀ ni." Tàbí ká gbé e lọ síwájú ìjọ, kó di àkíyèsí àdúrà, kó sì ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíràn, láti Alief dé Katy, láti Katy dé Ìbàdàn. Mo ti rí méjèèjì. Èyí tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ kò rí olùrànlọ́wọ́, èyí tí wọ́n sì gbé jáde kò rójú wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àárín méjèèjì ni ibi tó ṣeé dúró sí: ẹ wá ẹni mẹ́ta. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Àwọn mẹ́ta wo?

Òun fúnra rẹ̀ ló máa yàn wọ́n, ẹ̀yin kọ́. Àgbàlagbà ni. Ẹni tí ẹ bá fi lé e lórí, á máa yọ́ kọjá lára rẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó wà nínú ilé, tàbí tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé: ìyàwó, ọkọ, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé. Ẹni yìí ló ń rí ojú rẹ̀ láàárọ̀.

Èkejì ni ẹni tó ti rin ọ̀nà yẹn rí, tó sì ti pẹ́ tó ti jáwọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹni yìí má gbọ́ Yorùbá rárá. Ó lè jẹ́ òyìnbó tó fín ara láti ọrùn dé ọwọ́, tàbí ìyá ará Mẹ́síkò kan tó ń ta oúnjẹ. Ẹ má ṣe jowú rẹ̀. Ohun tó mọ̀ kò sí nínú ìwé ẹ̀rí kankan tí ẹ lè fihàn án.

Ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ tàbí àgbà kan tí kì í ṣe ará ilé, tó ní mọ́tò, tó ní àyè díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì ní ìlẹ̀kùn. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n àgbà tí ọbẹ̀ ń mì níkùn wọn pọ̀ ní Houston o. Bí a ṣe ń dán wọn wò rèé: ẹ ronú sí ohun tí ẹni náà ti sọ fún yín nípa ẹlòmíràn. Bí ẹ bá tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé lágbájá àti ìyàwó rẹ̀ kì í sùn ní yàrá kan náà mọ́, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ pín iṣẹ́. Ẹnì kan ló ń bójú tó dókítà àti ìwé, ẹnì kan ló ń gbé fóònù lóru, ẹnì kan ló ń bá a lọ sóde. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lórí ìyàwó nìkan, láàárín oṣù mẹ́ta òun náà á di aláìsàn.

Kí ẹ tó sọ pé "jáwọ́"

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó lè pa èèyàn kúrò lọ́nà. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ fún ọdún pípẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró nílé, kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí ẹ máa gbààwẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ ọtí bí ó ṣe mọ omi. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ kan, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ó sì lè ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tí wárápá gbé. Tó bá di nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kó máa dá àwọn òkú ilé lóhùn, kí ara rẹ̀ máa gbóná janjan. Wọ́n ti pe èyí ní ọ̀rọ̀ ayé nínú ilé tí mo mọ̀. Kò kan ayé, ọpọlọ tó ń bèèrè ọtí ni. 911 ni kí ẹ pè. Bákan náà ni àwọn oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ bíi Valium àti Xanax rí: dókítà ló ń dín wọn kù díẹ̀díẹ̀.

Ti heroin àti fentanyl yàtọ̀. Ara á máa ro ó, á máa bì, á máa ya ìgbẹ́, á dà bí ibà tó burú jù lọ láyé, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kì í sábà pa àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ìpadà ló ń pani. Ẹni tó ti sinmi fún oṣù kan tó wá padà lo ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ti gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ ò tíì gbàgbé. Nítorí náà ẹ ra Narcan sílé, oògùn tó ń jí ẹni tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á láìsí ìwé dókítà. Imú ni wọ́n ń fọ́n ọn sí. Ẹ pe 911 náà, nítorí agbára Narcan lè tán lára kí ti oògùn tó tán. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn Houston ní oṣù Kẹjọ. Inú dúrọ́ọ̀ tí gbogbo ilé mọ̀ ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ kódín ń dùn mí ju ìyókù lọ. Àwọn òbí tó bá gbọ́ pé ọmọ àwọn ń mu oògùn ikọ́ máa ń rò pé eré ọmọdé ni. Ìlú tí a wà yìí mọ omi ikọ́ yẹn kó tó di ariwo ní Èkó. DJ Screw, ẹni tó dá irú orin Houston tó ń falẹ̀ yẹn sílẹ̀, kú níbí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, kódín sì wà lára ohun tí wọ́n bá nínú ara rẹ̀. Ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oníkódín àti kíkó o wọlé. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti ń mu ún ní Mushin, tó wá dé Houston, orúkọ míì ló kàn bá a níbí: lean. Ohun kan náà ni.

Yàrá tí a kì í ti bèèrè ọmọ ta ni ọ́

Ọdún 1935 ni Bill Wilson, oníṣòwò, àti dókítà kan tó ń jẹ́ Bob Smith pàdé ní ìlú Akron, ní Ohio. Ọ̀mùtí ni àwọn méjèèjì. Wọ́n rí i pé bí ọ̀mùtí kan bá jókòó ti ọ̀mùtí kejì tí wọ́n jọ sòótọ́ fún ara wọn, àwọn méjèèjì lè sùn láìmu. Ibẹ̀ ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA, ti bẹ̀rẹ̀. Al-Anon tẹ̀lé e ní 1951 fún àwọn ará ilé ọ̀mùtí, Narcotics Anonymous sì dé ní 1953 fún àwọn tí oògùn ń dà láàmú. Kò sí ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé wọn kì í wáyé káàkiri Houston, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sin ẹnì kan lọ, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni, ní gbọ̀ngàn kékeré tí iná rẹ̀ funfun bí ti ilé ìwòsàn. Àga onírin tí wọ́n ń ká ni wọ́n tò. Kọfí wà nínú ìkòkò ńlá kan lórí tábìlì, ó korò bí ewúro. Aago méje ni wọ́n kọ, aago méje ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé wọn kì í ṣe òwàńbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ mẹkáníìkì, tí ọ̀rá mọ́tò ṣì wà léèékánná rẹ̀, dìde, ó sọ orúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan, ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ni òun dé yìí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án bí ẹni pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gboyè. Wọ́n gbé agbọ̀n kan kiri, ẹni tó ní dọ́là kan fi sí i, ẹni tí kò ní gbé e kọjá. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin àgbà kan fún ẹni tí mo sìn wá ní ìwé pélébé. Nọ́ńbà fóònù méje ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn èèyàn ti fi ọwọ́ ara wọn kọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìlú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ìwé ìgbélùú. Kò sẹ́ni tó bi í pé ọmọ ta ni.

Nígbà tí a jókòó sínú mọ́tò, ó wo ìwé yẹn títí. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò mọ bàbá mi." Ohun tó tù ú lára jù lọ nìyẹn.

Àwọn nǹkan díẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ: ìpàdé tí wọ́n bá kọ "open" sí, ará ilé lè bá a wọlé. Èyí tó jẹ́ "closed", ti ẹni tó ní ìṣòro náà nìkan ni, ẹ dúró sínú mọ́tò. Bí ó bá sọ pé òun ti ní sponsor, ẹ má bèèrè iye tó fún un. Kò kan owó. Ẹni tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà tó gbà láti máa tọ́ ẹni tuntun ni. Ẹ̀ẹ̀kan ò sì tó láti fi mọ̀ bóyá ìpàdé bá a lára mu. Kó lọ sí ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó sọ pé òun ò fẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí AA ń sọ kò bá bá a lára mu, SMART Recovery wà láti 1994, ọgbọ́n orí ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ti Jésù gan-an ló ń fẹ́, Celebrate Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní California ní 1991, ti wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Fún Mùsùlùmí, Millati Islami ti wà láti 1989. Baltimore ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìgbésẹ̀ méjìlá AA ni wọ́n tún tò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìtìjú Mùsùlùmí tó mutí máa ń jẹ́ ìlọ́po méjì: òun ti ṣẹ̀, òun ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ lọ sí Al-Anon. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ títí ẹ ó fi dé ibẹ̀.

Ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, àti owó

The Council on Recovery ti wà ní Houston láti 1946. Ilé wọn wà ní òpópónà Jackson Hill, kò jìnnà sí Buffalo Bayou. Wọ́n ń yẹ èèyàn wò láti mọ irú ìtọ́jú tó yẹ ẹ́, wọ́n sì ń dá ìdílé lẹ́kọ̀ọ́. Fún obìnrin tó lóyún tàbí tó ní ọmọ lọ́wọ́, ẹ bèèrè Santa Maria Hostel, níbi tí ìyá lè ti gba ìtọ́jú kí ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í lọ síbi kankan nítorí ìbéèrè "Ta ló máa gba ọmọ?"

Texas kò fẹ Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún aláìní, bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣe fẹ̀ ẹ́, nítorí náà àgbàlagbà tí kò ní ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ mọ káúńtì tó ń gbé. Ibí yìí ló ti ń dàrú mọ́ àwọn èèyàn wa. Alief wà ní Harris County, àwọn olówó kékeré níbẹ̀ lè wá ìrànwọ́ Harris Health, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Gold Card. Ṣùgbọ́n Sugar Land àti Richmond wà ní Fort Bend, Texana Center sì ni ọ́fíìsì ìlera ọpọlọ ti ìjọba níbẹ̀. Katy tilẹ̀ nà dé káúńtì mẹ́ta. Ẹ wo bílì iná yín kí ẹ tó wa mọ́tò lọ tò sórí ìlà tí kì í ṣe tiyín. Bí gbogbo rẹ̀ bá rú yín lójú, ẹ pe 211, kí ẹ sì bèèrè OSAR, ètò tí Texas gbé kalẹ̀ láti yẹ èèyàn wò kí wọ́n sì darí rẹ̀ síbi ìtọ́jú. Nọ́ńbà ìjọba àpapọ̀ ni 1-800-662-4357, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ikú, 988.

Bí ilé kò bá ṣeé padà sí, bóyá nítorí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ṣì ń mu, ẹ wádìí Oxford House. Silver Spring ní Maryland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1975, ó sì pọ̀ ní Houston báyìí. Kò sí ọ̀gá nínú ilé náà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló jọ ń san owó ilé, wọ́n ń dìbò lórí ohun gbogbo, títí kan ẹni tó máa wọlé. Ẹni tó bá padà mu, wọ́n á ní kó jáde. Ó le, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, torí ó jọ ilé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó mọ ohun tó so wọ́n pọ̀.

Iṣẹ́ àti ìwé

Òfin FMLA ti 1993 fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjìlá láìgbowó fún ìtọ́jú, bí ilé iṣẹ́ bá ní èèyàn 50 ó kéré tán, tí òun náà sì ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún kan, wákàtí 1,250. Àìlọ síbi iṣẹ́ nítorí pé a mutí yó kò sí nínú ẹ̀. Ìtọ́jú ni òfin náà mọ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀ jù nínú wa, ẹ tẹ́tí. Láti 1987 ni Texas ti ní ètò kan fún nọ́ọ̀sì tí ọtí tàbí oògùn ti mú, TPAPN ni wọ́n ń pè é. Nọ́ọ̀sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá wọn. Wọ́n á máa ṣọ́ ọ, wọ́n á máa yẹ ìtọ̀ wò, òun náà á máa gbìyànjú láti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sàn kéèyàn fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ju kí wọ́n ka oògùn tó sọnù sí i lọ́rùn lọ.

Ti ìwé ìgbélùú ló ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù. Ìpàdé AA kì í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ síbì kan. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan, 42 CFR Part 2, ló sì ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìtọ́jú oògùn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀. Àmọ́ ìdálẹ́bi lórí ẹ̀sùn oògùn ní kóòtù yàtọ̀: ó lè lé ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú padà sílé, yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí igbó tí kò ju gíráàmù 30 lọ bá jẹ́ ti ìlò ara rẹ̀. Igbó tí wọ́n ń tà ní gbangba ní Colorado ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú ìjọba àpapọ̀. Láti 2010, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Padilla pé lọ́yà tó ń gbèjà ẹni gbọ́dọ̀ sọ fún un bí gbígba ẹ̀bi bá lè lé e kúrò nílùú. Nítorí náà kí ẹni yín má ṣe sọ "mo jẹ̀bi" ní kóòtù kó lè tètè relé, láìtíì rí lọ́yà ìwé ìgbélùú. Ẹni tó ń dúró de green card náà, kó bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kó tó lọ fún àyẹ̀wò ìṣègùn tí wọ́n ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ oògùn.

Òwàńbẹ̀

Kò sí ìwé òyìnbó tó máa kọ èyí fún yín. Sátidé, aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbọ̀ngàn kan ní Bissonnet. Wọ́n ti gbé ìgò Hennessy sí àárín tábìlì kọ̀ọ̀kan bí òdòdó. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan rí ẹni yín, ó pariwo oríkì rẹ̀, ó fa àga, ó ń tú ọtí sínú kọ́ọ̀pù kí wọ́n tó kíra tán. "Mi ò mu mọ́." "Ṣé o ti di pásítọ̀ ni?" Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ẹni kẹta nínú àwọn mẹ́ta yẹn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ kọ́ ọ ní gbólóhùn kan: "Mo ń lo oògùn." Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ pé dókítà ti fún un ní naltrexone, oògùn tó ń dín ìfẹ́ ọtí kù, tàbí irú rẹ̀. Àwa Yorùbá a máa bá oníwàásù jiyàn, ṣùgbọ́n a kì í bá ẹni tó ń lo oògùn jiyàn. Kó di kọ́ọ̀pù tó kún fún zobo mú láti ẹnu ọ̀nà, a kì í bu nǹkan sí kọ́ọ̀pù tó ti kún. Àwọn kan kì í fẹ́ malt rárá torí ó ń rán wọn létí bíà; ẹ má jiyàn. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ ẹni kẹta, àdéhùn sì wà láàárín wọn: bí ó bá ti sọ pé "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ọmọ", wọ́n á dìde, ìbáà jẹ́ pé wọn ò tíì gbé ìrẹsì dé. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sàn kó má lọ rárá. Ẹ fi àpòòwé ránṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ agbo náà. Àǹtí tó ń ti Èkó bọ̀ á kó agbo jẹ̀dí dání nínú ìgò oníke, ọtí ni wọ́n sábà máa ń fi rẹ ẹ́. Bitters lóríṣiríṣi ń kọ́? Ọtí wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Oògùn ikọ́ olómi àti omi ìfọnu míì ní ọtí nínú. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò.

Pásítọ̀, àlùfáà, àti dókítà

Ẹ gbàdúrà. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹni yín da buprenorphine tàbí methadone rẹ̀ nù nítorí pé ó ti rí ìdáǹdè, ẹ fi ọ̀wọ̀ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Oògùn tó ń dá fentanyl dúró lára ni, ẹni tó bá ṣàdédé jù ú nù lè kú. Láti 2023, dókítà tó láṣẹ láti kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ àkànṣe mọ́ kó tó kọ buprenorphine, nítorí náà ẹ lè bèèrè lọ́wọ́ dókítà tí ẹ ti ń lọ bá.

Àwọn kan á ní ti òyìnbó ni gbogbo èyí. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro, l'Ábẹ́òkúta. Dípò kó ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, inú àwọn abúlé tó wà láyìíká ni wọ́n ń gbé, ìbátan kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé wọn wá, wọ́n á gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n á padà sáàárín àwọn aráabúlé. Àwọn oníṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Tiwa ni.

Alẹ́ tó bá tún mu

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣubú kí wọ́n tó dúró, àwọn mìíràn lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fún un lówó lọ́wọ́. Bí bílì iná bá wà nílẹ̀, ẹ san án tààrà, bí ebi bá ń pa á, ẹ gbé oúnjẹ lọ. Ẹ ti jọ pinnu ṣáájú, nígbà tí ojú rẹ̀ mọ́, ibi tó máa sùn bí ó bá yó, kó má baà jẹ́ iwájú àwọn ọmọ ni ẹ ó ti máa jà. Kó má fọwọ́ kan mọ́tò rárá: ní Texas, ẹni tó bá wa mọ́tò nígbà tó yó tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 wà nínú ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tó ń mú èèyàn lọ ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ ni.

Bí fóònù bá dún láago méjì òru, ẹ gbé e. Ẹ má bèèrè iye tó mu. Ẹ má ṣe sọ pé "Ṣé mo ò sọ?" Ẹ bèèrè pé: "Níbo lo wà? Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ? Ṣé o ti jẹun?" Kí ẹ tó sọ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ti tẹ ẹni kejì láago. Bí ẹni kejì bá wà níbi iṣẹ́ alẹ́, nọ́ńbà méje ṣì wà lẹ́yìn ìwé pélébé yẹn, lára ilẹ̀kùn fíríìjì tí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́.